Búùmù lẹ́yìn katakata kékeré: kí ló lè gbé, báwo la ṣe ń lò ó?

Alépo Ìjókà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Katakata kékeré agbára ẹṣin 28 ló wà nílẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1,050 kg, ìwé rẹ̀ sì ní háídróólíìkì ẹ̀yìn (ẹ̀rọ olọ́ìlì tó ń gbé apá ẹ̀yìn sókè) ń gbé 750 kg. A fẹ́ so búùmù, ìyẹn ọ̀pá irin tó yọ sẹ́yìn tó ní ìkọ́ lórí, mọ́ ọn láti máa gbé dúrọ́ọ̀mù epo pupa sínú píkọ́ọ̀pù, àti gẹdú kéékèèké lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà ní òun á fi páìpù géètì onígun mẹ́rin ṣe é, 3 inch, tí yóò gùn ní mítà 1.8. Lójú mi, 750 ti ju dúrọ́ọ̀mù kan lọ fíìfíì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló yẹ ká ṣọ́?

Baba Katakata
Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹrù. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tí epo pupa kún inú rẹ̀, epo nìkan tó 180 kg, irin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ẹ pè é ní 200. Gẹdú tútù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 30 cm, tó sì gùn ní mítà 3, ń sún mọ́ 200 náà. Àpò kòkó mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti 750 yẹn, ẹ má fi ṣírò ẹrù búùmù o. Orí apá ìsàlẹ̀ méjèèjì tó wà lẹ́yìn katakata, níbi tí píìnì ń wọ̀, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ míì máa ń wọ̀n ọ́n ní 61 cm sẹ́yìn ibẹ̀, torí náà ẹ wo ohun tí ìwé tiyín kọ gan-an. Búùmù ń gbé ẹrù lọ sẹ́yìn ju ìyẹn lọ dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó kù lórí ọ̀pá nìyí. Ẹ so búùmù láìgbé nǹkan kan. Ẹ rọ apá sílẹ̀ pátápátá, ẹ fi téèpù wọn gíga píìnì ìsàlẹ̀ sí ilẹ̀, ẹ wọn gíga ìkọ́ tó wà lórí ọ̀pá náà. Ẹ gbé apá sókè títí píìnì á fi gòkè ní 10 cm péré, kí ẹ wá tún ìkọ́ wọ̀n. Bí píìnì bá gòkè ní 10 tí ìkọ́ gòkè ní 25, ohun tí ìkọ́ lè gbé jẹ́ 750 tí a pín sí 2.5, ìyẹn 300. Ẹ tún un ṣe ní àárín, ẹ tún un ṣe lókè, torí ìpín yẹn kì í dúró sójú kan. Èyí tó bá tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ mú.

Olùkọ́ Ìṣirò
Baba ti là á. Kí n fi ìwúwo ọ̀pá fúnra rẹ̀ kún un, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn. Búùmù tó lágbára pẹ̀lú férémù rẹ̀ (irin tó so ó mọ́ apá katakata) ń tó 40 kg. Àárín ìwúwo rẹ̀ kì í jìnnà sí férémù, ká ní 50 cm sẹ́yìn píìnì, níbi tó ti ń gòkè ní ìlọ́po 1.42 ti píìnì. Ó ti jẹ bíi 57 kg nínú 750. Ó ku 693, ẹ pín in sí 2.5, ó di 277. Kí ẹ má lo ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn lọ, nítorí ẹrù tó ń mì wúwo ju ẹrù tó dúró. Ẹ ti wà ní nǹkan bíi 208.

Nítorí náà, dúrọ́ọ̀mù kan ṣì wọlé, àmọ́ kò sí àyè láti máa yọ̀ mọ́.

Baba Katakata
Ibi tí ó ti ń ṣòro nìyẹn o, Olùkọ́. Háídróólíìkì kò ní òun ò gbé e, ẹsẹ̀ iwájú ni kò ní gbà fún un. Ẹ bá wọn ṣírò iwájú.

Olùkọ́ Ìṣirò
Ó dáa. Ẹ̀yin onílé, ẹ wọn nǹkan mẹ́ta: àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn (mo fi 1.6 m ṣe àpẹẹrẹ), àárín táyà ẹ̀yìn sí píìnì (0.75 m), àti píìnì sí ìkọ́ (1.8 m). Ẹrù wà ní 0.75 + 1.8 = 2.55 m sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn.

200 × 2.55 ÷ 1.6 = 319 kg. Iye tí dúrọ́ọ̀mù kan ń gbé kúrò lórí táyà iwájú nìyẹn. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ ń gbé 31 míì kúrò. Àpapọ̀ 350.

Bí katakata 1,050 kg bá ní 420 níwájú nígbà tí kò gbé nǹkan, 70 kg ló kù. Pẹ̀lú 70, sítíárìn á kàn máa yí ni, táyà iwájú á máa fò lójú kòtò, bí ilẹ̀ bá sì gòkè díẹ̀ ó lè kúrò nílẹ̀ pátápátá. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé, ó kéré tán, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo katakata ṣófo gbọ́dọ̀ wà níwájú. Ti katakata yìí jẹ́ 210. Ó ṣì ku 140.

Bí ẹ bá so irin mọ́ iwájú bọ́ńpà, ní 60 cm síwájú táyà iwájú, kílò kan ń fi 1.375 kún iwájú. Torí náà 105 kg tó. Bọ́lọ́ọ̀kù kọnkéré tí ẹ dà sínú àpótí pákó 35 × 35 × 36 cm máa tó bíi 106. Ẹ ti bóòtì bọ inú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ lè dè é mọ́ férémù katakata. Okùn kọ́ ni kí ẹ fi so ó, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má gbà láti jókòó síwájú kó lè di wéètì.

Bí ẹ bá fa ọ̀pá kúrú sí 1.2 m, iye tí dúrọ́ọ̀mù gbé kúrò á dín sí 244. Bíi 50 kg péré ni ẹ ó nílò níwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn búùmù tó ń fà kúrú tó ń gùn.

Wẹ́dà Ọ̀bá-Ilé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páìpù géètì ṣe búùmù. Ẹnu mi ò tó ti wẹ́dà yín, ṣùgbọ́n páìpù tí wọ́n fi ń ṣe géètì kì í sábà ju 1.5 sí 2 mm lọ ní ara. Bí ó bá jẹ́ 3 inch oní 2 mm, 200 kg ní mítà 1.8 ń fún un ní nǹkan bíi 260 MPa (ìwọ̀n agbára tó ń fa irin) níbi tó ti pàdé férémù, kí ẹrù tó mì rárá. Irin tí a ń rà lọ́jà ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti 235 sí 250. Ó túmọ̀ sí pé yóò ti tẹ̀ kí dúrọ́ọ̀mù tó kúrò nílẹ̀.

Páìpù omi onígalifanáìsì 2 inch náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń kọjá 400. Èéfín rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jó o sì ń ṣe ènìyàn ní ibi.

Ohun tí mo lè gbà ni 80 × 80, tí ara rẹ̀ jẹ́ 5 mm. Òun náà ń tó 102 MPa ní ìdúró, bí ẹrù bá já wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè di 204, kò sì tíì tẹ̀. Ẹ mú fẹ́níà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, dání lọ sọ́jà, ẹ fi wọn ẹnu rẹ̀, torí wọ́n lè pè é ní 5 kó jẹ́ 3.8.

Férémù: fún katakata kékeré, píìnì ìsàlẹ̀ jẹ́ 22 mm, tòkè jẹ́ 19 mm. Àárín píìnì ìsàlẹ̀ méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 68 cm, ihò òkè sì wà ní nǹkan bíi 46 cm lókè wọn. Katakata tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ń lo 28 àti 25 mm. Ẹ má fi irin tí wọ́n fi ń da dẹ́kìn ṣe píìnì! Píìnì gidi ni kí ẹ rà, kílíìpù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní òrùka tó ń tì.

Ẹ ju irin ìtì kan láti orí férémù lọ bá ọ̀pá ní bíi 70 sí 80 cm. Ìdí ọ̀pá ni ó ti ń ya jùlọ, ẹ lẹ pátákó irin 8 mm mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì níbẹ̀. Elekitirodu géèjì 10 ni, ìpele méjì, kí ẹ gbá ìdọ̀tí àkọ́kọ́ kúrò kí ẹ tó lé èkejì. Kí ẹ má jó ìlà tó gba òkè ọ̀pá kọjá, ẹ jẹ́ kó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Òkè ọ̀pá ni wàhálà ń fà, ìsàlẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́ra.

Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fà kúrú, kí páìpù inú wọnú tòde ní ó kéré tán 40 cm, kí bóòtì rẹ̀ jẹ́ ìpele agbára 8.8, 16 mm, tó gba ara méjèèjì kọjá.

Alépo Ìjókà
Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Mo ti pe wẹ́dà kí ó dúró ná. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: ibi tí tọ́pù-líǹkì (apá òkè kan ṣoṣo tó di orí férémù mú) ń so mọ́ lẹ́yìn katakata ní ihò mẹ́ta. Èwo ni kí a lò?

Baba Katakata
Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè nìyẹn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fojú wo tọ́pù-líǹkì àti apá ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ ní ìlà kan náà láìpàdé, búùmù á gòkè láì yí púpọ̀, orí rẹ̀ kò ní sáré ju ìdí lọ, ẹ ó gbé ẹrù tó wúwo jù. Bí ìlà méjèèjì bá ń lọ pàdé níwájú, orí ọ̀pá á sáré gòkè, ẹ ó gbé e ga ṣùgbọ́n ẹrù á kéré. Fún ọ̀pọ̀ katakata, ihò òkè ni ó ń mú wọn jọ lọ, ihò ìsàlẹ̀ ló ń mú wọn pàdé. Ẹ fi téèpù wò ó bí mo ṣe sọ lókè, ihò kan sí òmíràn. Téèpù kì í parọ́.

Bí apá ìsàlẹ̀ bá ní ihò méjì fún ọ̀pá tó ń fà á sókè, èyí tó sún mọ́ píìnì ń gbé jù, ó sì ń gòkè kéré.

Lífà: ẹ lo lífà ipò, èyí tó ń di apá mú sí ibi tí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ti ìfàyà tí à ń fi kọ ilẹ̀. Ti ìfàyà ń dáhùn sí agbára tó ń ti tọ́pù-líǹkì, búùmù sì ń fa tọ́pù-líǹkì ní òdìkejì.

Ìyá Gẹdú
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ ti fẹ́ gbàgbé gíga. Dúrọ́ọ̀mù jẹ́ 88 cm ní gíga. Ẹnu píkọ́ọ̀pù ń tó 80. Ṣéènì tí yóò gbà láàrin dúrọ́ọ̀mù àti ìkọ́ ń gba 40, ẹ fi 10 sí i kí ó lè ré kọjá. Ìkọ́ gbọ́dọ̀ dé 2.18 m. Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù wà nílẹ̀ ńkọ́? 1.28. Ó túmọ̀ sí pé kí ọ̀pá máa tẹ̀ sókè láti ilẹ̀, nǹkan bíi dígírì 37 fún ọ̀pá 1.8 m bí píìnì bá wà ní 20 cm sílẹ̀. Ẹ dín tọ́pù-líǹkì kù láti tẹ̀ ẹ́ sókè. Anfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹrù á sún mọ́ katakata, ní nǹkan bíi 1.44 m dípò 1.8.

Bí gíga kò bá tó, ẹ lo ṣéènì kúkúrú, tàbí ẹ gbé píkọ́ọ̀pù sínú ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ má ṣe fi igi bọ abẹ́ táyà katakata.

Ọmọ Òkè Ìdànrè
Ìyá, ẹ kú làákàyè. Mo fẹ́ fi ti ilẹ̀ kún un. Ní ìhà tiwa tí òkè pọ̀, katakata tó gbé ẹrù sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fi orí kọ òkè. Ẹ fi ẹ̀yìn gùn ún, kí ẹrù wà lọ́wọ́ òkè, ẹ fi orí sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá. Ọ̀pá tó ga ń jẹ́ kí ẹrù máa fì, bí ó bá sì fì lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó ń fa katakata lọ.

Lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ pupa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni katakata ní, ìwúwo sì ti kúrò níwájú. Jíà kìíní, kí ẹrù wà ní 30 cm sí ilẹ̀ bí ẹ bá ń rìn. Kí ẹnì kan mú okùn gígùn tí a so mọ́ ẹrù, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀pá kò lè wó bá a. Kó má di okùn náà mọ́ ọwọ́.

Alépo Ìjókà
Ṣé kí katakata gbé dúrọ́ọ̀mù rìn lọ sábẹ́ ìbòrí níbi tí píkọ́ọ̀pù wà ni?

Baba Katakata
Rárá o. Katakata gbé e sókè, ó dúró. Píkọ́ọ̀pù ni yóò padà sẹ́yìn wá sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń juwọ́ ni kí awakọ̀ píkọ́ọ̀pù máa wò, kí ẹnikẹ́ni má sì wà láàrin ọkọ̀ méjèèjì. Kí ẹ tó gbé, ẹ wo òkè: wáyà iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí ọ̀pá tó mítà 3, kódà bí iná kò bá sí lónìí.

Fáàfù kékeré kan wà lábẹ́ àga awakọ̀ lára ọ̀pọ̀ katakata, tó ń ṣàkóso bí apá ṣe ń yára sọ̀. Ẹ ti í títí yóò fi máa sọ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹrù tó já lulẹ̀ tó wá dúró lójijì ni ó ń tẹ búùmù, kì í ṣe ẹrù tí ẹ fi ọgbọ́n gbé.

Wẹ́dà Ọ̀bá-Ilé
Ní ti ṣéènì: èyí tí wọ́n ń ta fún géètì tàbí ajá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣéènì ìgbẹ́rù ìpele 80, 8 mm, ni wọ́n fọwọ́ sí fún tọ́ọ̀nù 2, ẹ ó rí nọ́ḿbà 8 tàbí 80 lára ìdè rẹ̀. Ìkọ́ gbọ́dọ̀ ní ètè tó ń padé. Irin tí a tẹ̀ sí ìkọ́ ń là nígbàkúùgbà.

Ẹ wo igun ṣéènì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá wà ní dígírì 60 sí ilẹ̀, ó ń gbé 58 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù. Ní 45, ó di 71. Ní 30, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé gbogbo ẹrù tán. Nítorí náà ṣéènì gígùn dára ju kúkúrú lọ, àfi bí gíga kò bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ètè dúrọ́ọ̀mù kò ṣe é fi ìkọ́ lásán mú. Ẹ ra ìkọ́ dúrọ́ọ̀mù, oníṣéènì mẹ́ta tó ń di ètè mú bí ìwúwo ti ń fà á, kí ẹ sì dé ìdérí rẹ̀ dáadáa kí epo má dà. Epo tó dà sílẹ̀ ń jẹ́ kí táyà yọ̀.

Ìyá Gẹdú
Gẹdú: ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba ni kí ẹ ti dì í, kí ṣéènì yí i lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fún un lọ́rùn, kí ẹ gbé e ní 10 cm, kí ẹ wo bóyá ó dọ́gba. Bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tún un dè.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́: ẹ má fi búùmù fa gẹdú. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ẹ ti ń fà ga ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí gẹdú bá kọ́ gbòǹgbò, táyà ẹ̀yìn kò ní yí, ara katakata ló máa yí ká wọn, iwájú á gbéra, á sì dojú dé. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, ẹsẹ̀ kò ní lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì. Ìkọ́ fífà tó wà nísàlẹ̀, lábẹ́ katakata, ni kí ẹ fi fa igi. Èyí tí ẹ bá fẹ́ gbé ni kí ẹ kọ́ sí búùmù, kó sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Òkè Ìdànrè
Háídróólíìkì ń ké bí mo bá fi búùmù gbé. Kí ló fà á?

Baba Katakata
Ohùn tó ń sunkún fín-ín-fín-ín ni fáàfù ìtura, ó ń jẹ́ kí ọ́ìlì padà nítorí pé ẹrù ju agbára lọ. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Kí ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan wá ki fáàfù náà sókè, ara páǹpù tàbí férémù ni yóò sanwó rẹ̀. Bí ó bá ń ké láìgbé nǹkan, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo fílítà, ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ ibi tó ń mu ọ́ìlì.

Ẹ dán ìdìmú rẹ̀ wò báyìí: ẹ gbé 100 kg ní 30 cm sókè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara igi kan tí ẹ gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́, ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Díẹ̀ tó bá sọ̀ kò burú. Bí ó bá sọ̀ tí ojú ń rí i, sílíì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́) ti lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ẹ ó rí i tó ń fò sókè díẹ̀díẹ̀, lífà ipò ló ń ṣe àtúnṣe ohun tó ń jò. Yálà ó ń jò o, bí kò jò o, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tàbí orí sábẹ́ ẹrù. Ẹ gbé igi tàbí irin dúró sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Alépo Ìjókà
Ẹ mà ṣeun. Ó ku ọ̀kan: kànga onímọ́tò wa ní páǹpù inú ihò, ṣé búùmù lè fa páìpù rẹ̀ jáde?

Olùkọ́ Ìṣirò
Ó lè fa a, ṣùgbọ́n mi ò gba ni. Háídróólíìkì ń já fìrì, páìpù ń kọ́ ara ihò, ẹ kò sì ní mọ ìgbà tí ẹ ń fa ju bó ti yẹ lọ. Gíga tí búùmù ní kò sì tó páìpù mítà 3 kan, ẹ ó máa dì í mú ní àárín ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta onírin pẹ̀lú ṣéènì bílọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù 1 ló yẹ ibẹ̀.

Wẹ́dà Ọ̀bá-Ilé
Kí ẹ tó jáde sójú títì láti Ọ̀bá-Ilé tàbí Ìjókà, ẹ tú búùmù kúrò tàbí kí ẹ fà á kúrú tán, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ orí rẹ̀. Ọlọ́kadà tó bá tẹ̀ lé yín lálẹ́ kò ní rí irin 80 mm tó yọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń tú u, ẹ fi apá sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀pá fara lé igi, kí ẹ tó fa píìnì yọ. Tọ́pù-líǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ẹ tú àwọn píìnì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dá kílíìpù padà sínú píìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí òun ló ń sọnù jù.